Ìwà rere láìsí ìwé láti ọ̀run: ohun tí àwọn ará Èkìtì máa ń bi Díísìtì

Mo ń gbé ní Adó-Èkìtì, mo sì gbà pé Ọlọ́run wà. Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Ó máa ń le nígbà tí mo bá fi kún un pé n kò gbà pé Ó fi ìwé tàbí wòlíì kankan rán ẹnikẹ́ni sí wa. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e kì í sábà jẹ́ nípa Ọlọ́run. Nípa ìwà ni. Àwọn èèyàn fẹ́ mọ ohun tó ń kó ẹni tí kò bẹ̀rù ọ̀run àpáàdì níjàánu. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká fi sùúrù dá a lóhùn. Mo kó àwọn tí mo máa ń gbọ́ jù lọ jọ síbí, láti ẹnu ọ̀dọ́ àti àgbà, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí.

Kí ni Díísìtì gan-an?

Ẹni tó gbà pé Ẹlẹ́dàá kan ló dá ayé ni, tó sì gbà pé ọpọlọ tí a fi ń ronú àti ayé tí a ń fojú rí ti tó láti fi mọ̀ pé Ó wà, àti láti fi mọ bó ṣe yẹ ká máa bá ara wa gbé. Kò ka ìran, àlá, àsọtẹ́lẹ̀ tàbí ìwé mímọ́ kankan sí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Ọlọ́run jáde. Púpọ̀ nínú wa kò gba iṣẹ́ ìyanu gbọ́.

Kò sí olùdásílẹ̀ kan, kò sí olú-ìjọ. Lára àwọn tó kọ́kọ́ to èrò náà jọ ni Edward Herbert, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ikọ̀ ọba lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní 1624, ó tẹ ìwé kan jáde ní Paris. Ó ní ohun márùn-ún wà tí ọpọlọ gbogbo ènìyàn lè dé fúnra rẹ̀: pé Ọlọ́run wà, pé ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún Un, pé ìwà rere ni olórí ìjọsìn, pé ẹni tó ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ronú pìwà dà, àti pé ẹ̀san ń bẹ láyé yìí àti lẹ́yìn ikú. Ẹ rántí àsìkò tó kọ ọ́. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1618, tí Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì fi ń pa ara wọn ní Yúróòpù, ṣì ń jó lọ́wọ́; ọgbọ̀n ọdún ló gbà kó tó rọlẹ̀. Ìhà méjèèjì ló ní Bíbélì lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta nínú márùn-ún yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù: bí ìwà rere bá ni olórí ìjọsìn, ẹni tó pa aládùúgbò rẹ̀ nítorí ìjọsìn ti ba ìjọsìn náà jẹ́.

Ta ló wá sọ fún yín pé olè jíjà kò dára?

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. A rò ó ni. Ẹ̀yin náà sì rò ó, kódà bí ẹ bá kà á nínú Òfin Mẹ́wàá, torí pé ohun kan nínú yín ló gbà pé òótọ́ ni nígbà tí ẹ kà á.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìsọ̀ gàrí, ní ọjà èyíkéyìí. Kọ́ńgò kan wà tí wọ́n ti fi òòlù tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tó bá dúró lókè kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ìyá tó ń tà á yóò bu gàrí lé e, yóò bù ú lé e títí yóò fi ga ṣóńṣó, yóò tún fi ẹ̀kún ọwọ́ kan ṣe ènì. Inú oníbàárà yóò dùn sí ṣóńṣó tó rí lókè, kò ní mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti mú tirẹ̀. Bí ẹ bá bi ìyá náà, yóò ní òun kò jalè, bí gbogbo ọjà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ wá bi í pé báwo ló ṣe máa ń rí lára rẹ̀ tí wọ́n bá yí mítà ní ilé epo, tó sanwó lítà márùn-ún tí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kò sì kún. Kò ní ronú kó tó dáhùn. Ó mọ̀ pé olè ni. Ó mọ̀ ọ́n láìsí ìwé kankan, láìjẹ́ pé pásítọ̀ tàbí àlùfáà ló là á yé e. Gbogbo ohun tí Díísìtì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ni kó mú ìmọ̀ tó fi ń dájọ́ onílé epo yẹn wá sí ìdí kọ́ńgò tirẹ̀.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ẹni tó bá máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ìpìlẹ̀ ìwà rere nìyẹn lójú mi. Mo mọ ohun tó ń dùn mí. Mo rí i pé ẹni tó dúró níwájú mi ní irú ara tí mo ní, ó ní ọmọ, ó ní ìrètí, ebi ń pa á bó ṣe ń pa mí. Ẹlẹ́dàá kan náà ló dá wa. N kò wá ní ìdí kankan tí mo lè sọ jáde, tí yóò fi tọ́ sí mi láti ṣe é ní ohun tí yóò dùn mí bí wọ́n bá ṣe é sí mi.

Ohun kan tún wà nípa kọ́ńgò yẹn. Ìyá náà kì í yí ìdí rẹ̀ sókè lójú oníbàárà. Bí iṣẹ́ ọwọ́ wa bá dára, kí ló dé tí a fi ń pa á mọ́ fún ẹni tó kàn?

Ẹ̀gbọ́n, ọpọlọ tèmi yàtọ̀ sí tiyín. Ṣé kì í ṣe pé kálukú á máa ṣe bó ṣe wù ú nìyẹn?

Àbúrò, ohun tó wu ènìyàn àti ohun tó rò jinlẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìfẹ́ inú ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ariwo rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Ìrònú máa ń pẹ́ kó tó dé, ó sì máa ń bi wá ní ohun tí a kò fẹ́ gbọ́. Nínú lẹ́tà tí Thomas Jefferson, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, kọ sí ọmọ àbúrò rẹ̀ ní 1787, ó gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ọpọlọ jókòó gbọnin lórí àga rẹ̀, kó mú gbogbo ọ̀rọ̀ àti gbogbo èrò wá síwájú rẹ̀ fún ìdájọ́, kódà bóyá Ọlọ́run wà tàbí kò sí. Ilé ẹjọ́ ni ó fi ọpọlọ pè. Nílé ẹjọ́, ẹni tó pẹjọ́ kì í ṣe adájọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kan gbogbo wa ní Èkìtì. Nígbà ìdìbò gómìnà 2018, gbólóhùn kan gba ìgboro: dìbò kó o sebẹ̀. Ẹ gbé ara yín sí ipò opó kan tó ń ṣe àkàrà títà. Ó rò ó pé ìbò òun nìkan kò lè yí nǹkan padà, pé ẹnì yòówù tó bá wọlé, òpópónà àdúgbò òun yóò ṣì wà bó ṣe wà, pé owó tó wà lọ́wọ́ ẹni yìí ṣe é fojú rí lónìí. Ìrònú nìyẹn. N kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì ní pè é ní òmùgọ̀, torí pé ebi kì í ṣe àròsọ.

Ṣùgbọ́n kò tíì rò ó dé ìparí. Ẹ ní ó gba 5,000 náírà. Sáà gómìnà jẹ́ ọdún mẹ́rin, ìyẹn ọjọ́ 1,461. Kò tó náírà mẹ́rin lójúmọ́. Ẹni tó bá san iye yẹn lójúmọ́ fún ẹ̀tọ́ rẹ láti bi í léèrè nípa ilé ìwòsàn, omi àti owó ìfẹ̀yìntì ti rà ọ́ ní ọ̀pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun nìkan ló tà: ọmọ ilé kejì tí kò tíì dàgbà tó láti dìbò wà nínú ohun tó gba owó lé lórí. Ibi tí mo dé rèé, mo sì dúró lé e: ẹ̀bi tó wúwo jù wà lọ́rùn ẹni tó gbé owó wá, torí pé ó mọ ìdí tí ebi fi ń pa opó náà, ó sì fi ebi yẹn ṣòwò. Ọpọlọ tó ń dá aláìní lẹ́bi kó tó kan olówó kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fi ń dán ìrònú ara mi wò ni pé, ṣé mo lè sọ ìdí tí mo fi ṣe é lójú ẹni tí yóò pa lára? Bí n kò bá lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, àwáwí ni mo ń wá, kì í ṣe ìrònú.

Ẹ̀rí ọkàn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ohùn Ọlọ́run ni?

Jean-Jacques Rousseau, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Geneva, gbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1762, tí wọ́n dáná sun ní Paris àti ní Geneva nítorí ohun tó sọ nípa ẹ̀sìn. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rí ọkàn kì í ṣini lọ́nà. Èmi kò lè bá a dé ibẹ̀ yẹn. Mo mọ àwọn tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ bí wọ́n bá jẹ èèwọ̀ ilé wọn, tí ọkàn kan náà sì ń sùn fọnfọn lẹ́yìn tí wọ́n ti fi okùn ẹ̀rọ ìlọṣọ na ọmọ ọ̀dọ̀. Bí wọ́n bá ṣe tọ́ ẹ̀rí ọkàn ni yóò ṣe máa ké. Ó dára kó jí wa. Lẹ́yìn tó bá jí wa, ká ronú.

Àṣà àwọn baba wa ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ gbé e sọnù ni?

Rárá o. Díísìtì a máa bi àṣà léèrè ohun tó wà fún. Ọ̀pọ̀ nínú èèwọ̀ wa ló ní ìdáhùn tó dáa. Wọ́n ní kí ọmọdé má jókòó sórí odó. Ní ilẹ̀ tí a ti ń gúnyán, ta ni yóò fẹ́ jẹ òkèlè láti inú odó tí ẹnì kan fi ìdí jókòó lé? Ẹni tó fi èèwọ̀ bò ó fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì lè ronú pa á mọ́. Ó gbọ́n.

Àmọ́ àwọn mìíràn wà tí ìdáhùn wọn kò lè dúró. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ketekete: dídábẹ́ fún ọmọbìnrin. Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àṣà yìí ti rinlẹ̀ jù lọ ní Nàìjíríà. Nígbà tí mo bá béèrè ìdí, ohun tí àwọn ìyá àgbà máa ń sọ ni pé kí ọmọ má baà ya oníṣekúṣe, tàbí pé bí orí ọmọ bá kan ibẹ̀ nígbà ìbímọ, ọmọ náà yóò kú. Wọ́n kì í sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é; ìfẹ́ náà ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro láti sọ fún ẹni tó gbé wa pọ̀n.

Ìdí méjèèjì jẹ́ ohun tí a lè yẹ̀ wò. Ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin lágbàáyé ni wọn kò dábẹ́ fún, wọ́n bímọ, ọmọ wọn yè. Ìdí kejì ti ṣubú níbẹ̀. Ní ti ìṣekúṣe, ẹ wo àwọn tí a dábẹ́ fún àti àwọn tí a kò dá fún ládùúgbò yín, kí ẹ sọ fún mi bóyá abẹ ló tọ́ wọn. Ohun tí a sì mọ̀ dájú ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, kòkòrò àìsàn, ìrora tó ń tẹ̀ lé obìnrin dé ọjọ́ ìrọbí. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún, kò sì lè sọ pé òun gbà. Òfin àpapọ̀ tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2015 láti dènà ìwà ipá sí ènìyàn ti fi í sábẹ́ ìjìyà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá sí obìnrin láti 2011. Bí kò bá tilẹ̀ sí òfin kankan, ìrònú ti parí lórí rẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí láti dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà, kí a kí i dáadáa, kí a sì tún sọ fún un pé, "Màmá, ẹ má bínú, a kò ní gbé ọmọ yìí lọ." A lè ṣe méjèèjì pọ̀.

Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn baba wa gbà nípa Olódùmarè náà nìyí?

Ó jọ ọ́ níbì kan. Yorùbá kò kọ́ ilé òrìṣà fún Olódùmarè bí wọ́n ṣe kọ́ fún àwọn òrìṣà, wọ́n sì ti gbé ìwà ga ju ọrẹ ẹbọ lọ nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó bá ní ìwà ní ilẹ̀ wa, ọmọlúàbí ni, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi agbára pa wọ́n pọ̀. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ gbà pé Ifá ń sọ̀rọ̀, pé àwọn òrìṣà ń dá sí ọ̀rọ̀ wa, pé àwọn òkú ọ̀run ń gbọ́. Ẹni tó ń bọ Ọlọ́sunta ní Ìkẹ́rẹ́ kò gbà pé àpáta lásán ni. Díísìtì kò ní ọ̀nà láti fi mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn ju bó ṣe mọ òótọ́ inú ìran wòlíì lọ. Bíbọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kò béèrè pé ká sọ pé tiwa ni.

Àwọn Díísìtì àtijọ́ ní ẹrú. Ṣé ọpọlọ wọn kò sọ fún wọn pé kò dára?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dùn mí jù, ó sì yẹ kó dùn wá. Jefferson tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tí èrò rẹ̀ sún mọ́ tiwa gan-an, ló kọ ọ́ sínú ìkéde òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776 pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn. Ó ní ẹrú tó lé ní 600 nígbà ayé rẹ̀. Méjì péré ló dá sílẹ̀ nígbà tó wà láàyè, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n dá márùn-ún sílẹ̀. Nígbà tó kú sínú gbèsè ní 1826, wọ́n kó 130 nínú àwọn tó kù síta ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé wọn ta.

Ọpọlọ rẹ̀ sọ fún un. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun fún orílẹ̀-èdè òun bí òun bá rántí pé olódodo ni Ọlọ́run. Ó mọ̀. Gbèsè, ilé ńlá àti ìgbádùn tó ti mọ́ ọn lára ni kò jẹ́ kó ṣe ohun tó mọ̀. Ibi tí ẹ̀kọ́ wa ti lè já sófo jù lọ nìyí, n kò sì ní bò ó: ènìyàn lè ronú dáadáa, kó kọ ọ́ dáadáa, kó sì lọ jókòó sídìí oúnjẹ tí ẹrú sè.

Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé àti olóṣèlú Amẹ́ríkà, náà ní ẹrú, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì gba owó ìpolówó àwọn tó ń ta ẹrú. Ṣùgbọ́n òun yí padà. Ní 1787 ó di ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìdásílẹ̀ ẹrú ní Pennsylvania, nígbà tó sì di oṣù kejì 1790 ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fòpin sí i. Oṣù kẹrin ọdún náà ló kú, ní ẹni ọdún 84. Ó pẹ́. Mo ṣì fẹ́ràn pé ó ṣe é.

Àwa ọmọ Èkìtì kò sì gbọ́dọ̀ ka ìtàn yìí bíi pé ti òyìnbó nìkan ni. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí wọ́n kóni lẹ́rú. Ìnira lábẹ́ àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sórí ìlú, wà lára ohun tó mú kí Èkìtì Parapọ̀ dìde jà nínú ogun Kírìjì. Àwọn kan nínú wọn náà sì ní ẹrú nílé.

Ọpọlọ máa ń ṣírò èrè. Ṣé ó lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀?

Ọmọ Adó ni Adékúnlé Fájuyì. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1966, ó jẹ́ gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì gba olórí orílẹ̀-èdè, Aguiyi-Ironsi, lálejò ní Ìbàdàn. Àwọn sójà tó dìtẹ̀ wá mú àlejò náà. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa dàgbà ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. N kò sọ pé Díísìtì ni. Mo mú un wá torí pé kò sẹ́ni tó nílò kí a ṣàlàyé fún un pé ohun tó ṣe dára, ì báà jẹ́ mùsùlùmí láti Kano tàbí ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá.

Ìrònú kì í ṣe ìṣirò èrè nìkan. Ó máa ń béèrè irú ènìyàn tí mo fẹ́ jẹ́, àti irú ìlú tí yóò kù bí gbogbo wa bá ń fi àlejò sílẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dún. Àwọn kan yóò dáhùn ìbéèrè yẹn, wọn yóò sì dúró.

Gbogbo àdúgbò ti pariwo olè. Kí ni Díísìtì yóò ṣe?

Yóò béèrè ẹ̀rí, kódà bí wọ́n bá ti gbé táyà dé. Ní Toulouse, nílẹ̀ Faransé, wọ́n bá ọmọ oníṣòwò aṣọ kan tó jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì ní òkú nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ní 1761. Ariwo ta pé Jean Calas, bàbá rẹ̀, ló pa á nítorí ó fẹ́ di Kátólíìkì. Ní oṣù kẹta 1762, wọ́n fọ́ egungun bàbá àgbàlagbà náà lórí kẹ̀kẹ́ ìyà, wọ́n sì pa á. Voltaire, gbajúgbajà òǹkọ̀wé Faransé tó jẹ́ Díísìtì, kò mọ ìdílé náà rí. Ó wádìí lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ wọ́n, ó béèrè pé kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ jáde, ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó lágbára, ó sì tẹ ìwé jáde lórí ìfaradà ẹ̀sìn ní 1763. Ní 1765, ìjọba dá Calas láre, ẹni tó ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú.

Bí wọ́n bá pariwo gbọ́mọgbọ́mọ ní òpópónà yín, ẹ rántí pé àwọn tó kúnjú ilé ẹjọ́ Toulouse náà dá ara wọn lójú. Ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ dúró síwájú ẹni náà bí ẹ bá lè dúró, ẹ bi ẹni tó kọ́kọ́ pariwo ní ohun tó fojú rí.

Ayé tí Ọlọ́run dá kún fún ìkà. Báwo lẹ ṣe lè kọ́ ìwà rere lára rẹ̀?

Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Butler gbé irú ìbéèrè yìí ka iwájú àwọn Díísìtì ní 1736: bí ẹ bá ní ìwé mímọ́ ṣókùnkùn, ṣé ayé fúnra rẹ̀ kò ṣókùnkùn bákan náà? Àtakò tó lágbára ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1755, tó jẹ́ àjọ̀dún gbogbo ẹni mímọ́, ilẹ̀ ríri wó Lisbon mọ́ àwọn èèyàn lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Voltaire kọ ewì tó kún fún ìrora nítorí rẹ̀. Rousseau dá a lóhùn pé kì í ṣe ilẹ̀ ló kọ́ ilé alájà mẹ́fà-méje tí wọ́n kó jọ pọ̀ síbẹ̀.

Mo gbà pẹ̀lú Rousseau níhìn-ín. Bí mọ́tò bá dojú dé ní ọ̀nà Àkúrẹ́, a máa ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni kí a tó wo táyà tókúnbọ̀ tó bẹ́, kí a tó bi ẹni tó gba owó láti tún ọ̀nà ṣe léèrè. N kò sọ pé gbogbo ìjìyà ló ní ẹni tó jẹ̀bi. Àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde ọmọ kékeré kò ní. Fún irú èyí, n kò rí ìdáhùn nínú ayé tí a dá. Ohun tí mo rí ni iṣẹ́: kí tọkọtaya lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra, kí ọmọ tó ní in rí ìtọ́jú gbà. Kì í ṣe ìwà ẹ̀dá ayé ni a ń wò kọ́ṣe; ọpọlọ tí a fi ń rí i pé ó burú ni a ń lò.

Ṣé ẹ máa ń gbàdúrà?

Àwọn kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Díẹ̀ ni yóò tọrọ pé kí Ó yí òjò padà.

Ọ̀run àti ìyà ẹ̀ṣẹ̀?

A kò fẹnu kò. Herbert gbà á. Thomas Paine, òǹkọ̀wé Díísìtì tí ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1794, sọ pé òun gba Ọlọ́run kan gbọ́, òun sì ń retí ayọ̀ lẹ́yìn ayé yìí. Ó ní ojúṣe ẹ̀sìn ni kí ènìyàn ṣe òdodo, kó fẹ́ràn àánú, kó sì gbìyànjú láti mú inú ẹ̀dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dùn. Àwọn mìíràn gbà pé ikú ni òpin. Ẹni tó bá fi ọ̀run sílẹ̀ kúrò nínú ìṣirò rẹ̀ ṣì jẹ gbèsè fún ẹni tó rẹ́ jẹ, ayé yìí náà ló ti gbọ́dọ̀ san án.

Láìsí ìwàásù ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kí n padà sẹ́yìn?

Franklin rí ọgbọ́n kan dá sí i nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ó kọ ìwà rere 13 sílẹ̀, lára wọn ni ìwọ̀ntunwọ̀nsì, òdodo, òótọ́ inú, aápọn àti ìrẹ̀lẹ̀. Ó fa ilà sínú ìwé kékeré kan, ojú ewé kan fún ìwà kan, ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ lókè, ìwà 13 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lálaalẹ́ ni yóò yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò, yóò fi àmì dúdú sí ibi tó ti kùnà. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò gbájú mọ́ ìwà kan, ọ̀sẹ̀ 13 yóò sì yí i ká, ìgbà mẹ́rin láàárín ọdún. Èyí tó yọ ọ́ lẹ́nu jù nínú wọn ni ètò, ìyẹn kí gbogbo nǹkan wà ní àyè rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò borí rẹ̀. Ó ní òun kò di ẹni pípé, ṣùgbọ́n ìgbìyànjú náà sọ òun di ènìyàn tó dára jù, tó sì láyọ̀ jù, ju bí òun ìbá ti rí lọ.

Mo ń ṣe irú rẹ̀ lórí fóònù mi lálẹ́ kí n tó sùn. Orúkọ ni mo ń kọ, kì í ṣe ìwà: ẹni tí mo sọ̀rọ̀ burúkú sí, ẹni tí mo jẹ lówó tí n kò tíì san, ẹni tí mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ láìdáa tí mo sì dákẹ́. Kò ṣòro láti tan ara ẹni jẹ lórí ìrẹ̀lẹ̀. Orúkọ ènìyàn kì í jẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ sì tún wá ọ̀rẹ́ kan tó lè sọ òótọ́ fún yín, onígbàgbọ́ ni o, mùsùlùmí ni o. Ọpọlọ tó dá nìkan ronú pẹ́ jù yóò dá ara rẹ̀ láre.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́ ọmọ láìfi ọ̀run àpáàdì dẹ́rù bà á?

Ẹ sọ ìdí fún un. Yóò gba àsìkò ju ìgbátí lọ. Bí ẹnì kan bá wá fi ilé ìdánwò tí wọ́n ti ń sọ ìdáhùn fún ọmọ lọ̀ yín lásìkò WAEC, ẹ má parí rẹ̀ sórí pé Ọlọ́run kò fẹ́ ẹ. Ẹ bi ọmọ yín bóyá yóò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó fi magomágo yege gún òun lábẹ́rẹ́.

Àwọn òbí mi jẹ́ onígbàgbọ́ gidi. Ṣé kí n sọ fún wọn?

Ẹ má purọ́ bí wọ́n bá bi yín. Bí wọn kò bá bi yín, kò sí òfin tó ní kí ẹ da oúnjẹ Kérésìmesì rú. Ẹ bá wọn lọ síbi ìkómọ, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ṣe "àmín" sí àdúrà tí wọ́n fi ìfẹ́ gbà fún yín. Ìfẹ́ náà ni ẹ ń gbà. Ibi tí mo ti máa ń sọ pé kí èèyàn dúró gbọnin ni ibi tí ìgbàgbọ́ ẹnì kan bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lára, bíi kí wọ́n gbé ọmọ tí ibà ń dà láàmú lọ sórí òkè dípò ilé ìwòsàn. Níbẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ sókè.

Bí Díísìtì bá kú ní Èkìtì, ta ni yóò sin ín?

Ẹbí rẹ̀ ni. Nígbà tí Paine kú ní New York ní 1809, èèyàn díẹ̀ ló tẹ̀ lé òkú rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ kò dárí ìwé tó kọ jì í. Ó máa ń bà mí nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ronú nípa ìsìnkú tèmi bí mo ṣe ń ronú nípa àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, mo rí i pé òkú kì í gbọ́ orin. Àwọn tó wà láàyè ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bí ìyá mi bá fẹ́ kí àlùfáà gbàdúrà kí ọkàn rẹ̀ lè rọ̀, n kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi han àkọ́bí yín, ni iye owó tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n ná kọjá lórí màlúù, àǹkárá ẹbí àti kánópì, pàápàá bí ọmọ yín kan bá ṣì wà nílé ìwé, tí owó sáà tó ń bọ̀ kò tíì pé.